Ìkéde Lórí Bíréèkì Olóyè Ọ̀tún Tó Mú Lójijì

Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ o! Ẹ̀yin ará Òkè-Ìgbín, ẹ gbọ́ o! Lánàá ọjọ́ ọjà, bíréèkì alùpùpù àtijọ́ Olóyè Ọ̀tún mú!

Mo ní ó mú! Ẹ má wò mí bí ẹni tó ń purọ́. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún mọ́kànlélógún, Olóyè tẹ bíréèkì, alùpùpù sì dúró. Alùpùpù dúró. Olóyè kò dúró. Wọ́n ń lọ.

Nítorí náà ni ìlú ṣe dàrú. Ìgbìmọ̀ jókòó láti àná di òwúrọ̀ yìí. Wọ́n jẹ odindi ewúrẹ́ kan. Wọ́n ṣe òfin mẹ́fà. Wọ́n sì ti mú Múfútàù mẹkáníìkì, ó wà lábẹ́ igi ọ̀dán ààfin báyìí, wọ́n ti ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa. Wọ́n ní òun ló ṣe bíréèkì Olóyè tó fi mú. Bí oòrùn òní bá wọ̀, tí ẹlòmíràn kò jáde wá sọ pé òun ni, Múfútàù yóò kó irinṣẹ́ rẹ̀ kúrò nílùú yìí, kò sì ní padà wá mọ́. Ẹ di ìyẹn mú sọ́kàn. Gbogbo ìyókù tí mo fẹ́ kà, ẹ̀rín ni. Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀rín.

Ìwé tí Akọ̀wé Ládélé kọ ni mo mú lọ́wọ́ yìí. Ojú ìwé mẹ́rin! Akọ̀wé fẹ́ràn ọ̀rọ̀ tó gùn bí okùn kànga. Èmi kò fẹ́ràn rẹ̀. Lára páálí ìṣáná ni mo ti kọ́ ìwé kà. Páálí ìṣáná kì í fọ́nnu. Ó ní ìṣáná, o ṣí i, ìṣáná lo bá nínú rẹ̀. Ìwé yìí kò rí bẹ́ẹ̀. Bí mo bá ti ka tiwọn tán, n ó sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ fún yín.

Ṣùgbọ́n mo rí àlejò nínú ọjà. Àlejò, gbọ́ kí o tó rẹ́rìn-ín.

Bàbá Olóyè Ọ̀tún ló kọ́kọ́ ra alùpùpù ní ìlú yìí. Owó kòkó ni wọ́n fi rà á, nígbà tí àwọn tó ń pera wọn lágbà lónìí ṣì ń ti rìmù kiri àdúgbò. Bàbá kú. Alùpùpù kò kú. Ọdọọdún, ní ọjọ́ ìrántí bàbá, àwọn ọmọ á péjọ, wọ́n á fi epo pupa pa alùpùpù náà láti orí dé ẹsẹ̀. Wọ́n á pa táǹkì. Wọ́n á pa ìjókòó. Wọ́n á pa irin ọwọ́ rẹ̀. Èyí tó bá kù sí ìdí agbè, wọ́n á dà á sínú wíìlì, níbi tí bíréèkì wà, kí ọkàn bàbá lè tutù.

Mo tún un sọ! Epo! Epo pupa! Sínú bíréèkì!

Èmi kì í ṣe ọ̀mọ̀wé. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́jọ ni mo ti ń ta mọ́ínmọ́ín níwájú ṣọ́ọ̀bù Múfútàù, mo sì ní ojú. Nínú wíìlì alùpùpù àtijọ́, irin méjì ló wà, tó tẹ̀ bí oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé. Bàtà bíréèkì ni wọ́n ń pè é. Bí o bá tẹ bíréèkì, bàtà méjèèjì á ya, wọ́n á fún mọ́ inú wíìlì, wíìlì á dúró. Bí epo bá débẹ̀, wọ́n á máa yọ̀ bí ẹsẹ̀ lórí ilá. Gbogbo rẹ̀ nìyẹn. Kò sí àdììtú níbẹ̀.

Ṣé ẹ fẹ́ mọ bí Olóyè ṣe ń dúró láti ọdún mọ́kànlélógún? Háríhá àgbàdo! Ìgbìmọ̀ ló pàṣẹ pé kí a máa kó háríhá jọ sí ẹsẹ̀ òkè yìí, kó ga ju ọkùnrin lọ. Gbogbo ọjọ́ ọjà, Olóyè á gun alùpùpù lókè lọ́hùn-ún, wọ́n á sọ̀ kalẹ̀ bí òkúta tó já, wọ́n á wọ inú háríhá, gbìì! Àwọn ọlọ́kadà á ké pé, "Bàbá ti gúnlẹ̀ o!" Olóyè á jáde, wọ́n á gbọn agbádá wọn. Àwa náà á kúnlẹ̀, a ó ní, "Ẹ kú ìsọ̀kalẹ̀, Olóyè." Ọdún mọ́kànlélógún! Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ẹni tó bá rẹ́rìn-ín á ro oko ààfin.

Wọ́n tún pàṣẹ pé kí akéde máa sáré níwájú alùpùpù, kó máa lu agogo, kó máa ké pé, "Ẹ yà o!" Bàbá àgbà ọkọ mi ló kọ́kọ́ gbé agogo yìí. Bàbá ọkọ mi gbé e. Ọkọ mi Ọ̀jẹ́lábí gbé e. Ní oṣù méjì sẹ́yìn, Ọ̀jẹ́lábí sáré títí, alùpùpù sáré jù ú lọ. Itan rẹ̀ ọ̀tún ṣẹ́ sí méjì. Ó wà ní Odò-Ẹrẹ̀ báyìí, nílé ẹni tó ń to eegun, wọ́n fi igi di ẹsẹ̀ rẹ̀ bí iṣu orí àká. Láti ìgbà náà, èmi ni mò ń gbé agogo. Èmi ni mò ń sáré. Ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta! Pẹ̀lú eékún yìí!

Mo lọ bẹ ìgbìmọ̀ pé kí wọ́n yẹ bíréèkì náà wò. Wọ́n ní mo sọ̀rọ̀. Wọ́n yan àgbà méje. Àgbà méje lọ sí ilé Olóyè. Alùpùpù wà lórí sítáǹdì rẹ̀ lábẹ́ igi òroǹbó. Wọn kò gbé e kúrò lórí sítáǹdì. Wọn kò tan án. Olóyè gùn ún, wọ́n tẹ bíréèkì, alùpùpù kò mira. Àgbà méje pàtẹ́wọ́! Akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀ pé: "Ìjánu ọkọ̀ náà kún ojú òṣùwọ̀n ní ọ̀nà tí ó ga jù lọ." Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé alùpùpù tó wà lórí sítáǹdì kò rìn. Ọmọ odó mi náà fẹ̀yìn ti ògiri láti àná. Kò rìn. Ṣé ó ní bíréèkì ni?

Múfútàù wà níbẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ jẹ́ ká gbé e sójú ọ̀nà tó tẹ́jú. Ká fi ẹfun fa ìlà. Kó máa bọ̀ jẹ́jẹ́, kí wọ́n tẹ bíréèkì lórí ìlà yẹn, ká wá fi ẹsẹ̀ ka ibi tó dúró sí." Wọ́n ní kó dákẹ́, ọwọ́ rẹ̀ dọ̀tí. Ó ní òun ti ra bàtà bíréèkì tuntun méjì fún Olóyè, òun sì ti fi wọ́n kọ́ sára ìṣó ní ṣọ́ọ̀bù láti ọdún méjì sẹ́yìn. Olóyè ní a kì í bọ́ aṣọ lára bàbá ẹni lójú ọjà. Ọ̀rọ̀ parí. Bàtà tuntun wà lórí ìṣó. Ọkọ mi wà lórí ẹní. Háríhá ń ga sí i.

Òun la bá dé àná. Ẹ wá gbọ́ òfin.

ÒFIN KÌÍNÍ! Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ pé Olóyè Ọ̀tún ṣubú. Akọ̀wé kọ ọ́ pé: "Olóyè ṣáájú ọkọ̀ wọn dé ibi tí wọ́n ń lọ, pẹ̀lú iyì àti ẹ̀yẹ." Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé wọ́n fò kọjá lórí irin ọwọ́ alùpùpù, wọ́n fi ẹnu balẹ̀. Ẹni tó bá sọ pé wọ́n ṣubú yóò ro oko ààfin ní ọjọ́ Ẹtì méje. Wọ́n ṣubú. Ọjọ́ Ẹtì méje nìyẹn. Wọ́n ṣubú! Ó di mẹ́rìnlá.

ÒFIN KEJÌ! Eyín Olóyè! Eyín iwájú méjì ló yọ. A rí ọ̀kan nínú apá agbádá. A kò rí èkejì. Ìgbìmọ̀ ní adìẹ ló gbé e mì. Gbogbo adìẹ tó bá rìn ní ẹsẹ̀ òkè lánàá, kí olówó rẹ̀ gbé e wá sí ààfin. Àgbà méje yóò máa wo ìgbẹ́ adìẹ náà ní àràárọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Wọn kò rí àyè wo bíréèkì. Wọ́n rí àyè wo ìgbẹ́ adìẹ! Ìyá Ṣàlìmọ́tù, má fi gèlè bo ẹnu, mo rí ọ. Adìẹ rẹ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ wà nínú ìwé yìí, wọ́n kọ àwọ̀ ìyẹ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá pa adìẹ rẹ̀ jẹ kí ọjọ́ mẹ́ta tó pé, wọn yóò kà á sí ẹni tó jẹ eyín ìjòyè.

ÒFIN KẸTA! Bíréèkì tó ń mú ti di èèwọ̀ nílùú yìí, àfi èyí tí àgbà méje bá ti yẹ̀ wò. Ọlọ́kadà mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá, kí ẹ kó alùpùpù yín wá sí ààfin. Ẹ óò gbé e sórí sítáǹdì. Ẹ óò pa ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Ẹ óò tẹ bíréèkì. Èyí tí kò bá rìn, ó yege! Èyí tí ẹ bá gùn wá, tí ẹ sì tẹ bíréèkì tó dúró níwájú ààfin, ó ti rú òfin, wọn yóò yọ táyà rẹ̀ méjèèjì. Gbádébọ̀, ìwọ tó o máa ń sáré wá, tí o máa ń dúró gbọn-in níwájú àwọn ọmọge, orúkọ rẹ ló ṣáájú. Ìwọ lo kọ́kọ́ ní bíréèkì nílùú. Ẹ̀ṣẹ̀ ńlá ni.

ÒFIN KẸRIN! Ẹ fara balẹ̀, nítorí ibí ni ọgbọ́n ìgbìmọ̀ pọ̀ sí. Akọ̀wé kọ ọ́ pé: "Ìgbìmọ̀ ti fẹnu kò lórí ìtúnṣe àti ìmúgbòòrò gbogbo ìjánu tí ó wà ní agbègbè wa." Ẹ̀rù ọ̀rọ̀ náà bà mí. Mo ní bóyá wọ́n fẹ́ ra bàtà bíréèkì tuntun. Mo yí ojú ìwé. Ohun tí mo bá ni pé epo tí wọ́n ń dà sínú wíìlì tẹ́lẹ̀ kéré! Agbè kan ni wọ́n ń dà. Láti òní lọ, agbè méjì ni, nínú wíìlì kọ̀ọ̀kan, alùpùpù gbogbo, ti ìjòyè àti ti mẹ̀kúnnù. Ilé Olóyè Ọ̀tún nìkan ni kí ẹ ti gba epo náà. Ẹ má bi mí pé kí ló fà á. Ẹ mọ ẹni tó ń fún epo nílùú yìí.

Ẹni tí bíréèkì rẹ̀ bá gbẹ, tí a fi ọwọ́ kàn án tí epo kò bá ọwọ́ wa jáde, ó di ọ̀tá ìlú.

ÒFIN KARÙN-ÚN! Nígbà tí bíréèkì gbogbo bá ti yọ̀ dáadáa, ewu lè wà lójú ọ̀nà. Ìgbìmọ̀ ronú sí i. Wọn kì í ṣe òmùgọ̀! Nítorí náà, akéde yóò máa sáré níwájú gbogbo wọn. Ọlọ́kadà mẹ́rìnlá, pẹ̀lú Olóyè, ó di mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Akéde kan ni. Èmi ni. Mo wá ìjìyà akéde tó bá rọra sáré nínú ìwé, n kò rí i. Kò sí ìdí fún un. Alùpùpù ni ìjìyà náà.

ÒFIN KẸFÀ! Ẹ̀rín tán.

Akọ̀wé kọ ọ́ pé: "Ọwọ́ ìkà kan ti dí ìtẹ̀síwájú ìlú lọ́wọ́." Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ẹnìkan fọ epo kúrò nínú bíréèkì Olóyè, ó sì fi bàtà tuntun sí i. Wọ́n lọ sí ṣọ́ọ̀bù Múfútàù, wọ́n bá ìṣó lófìfo. Wọ́n bá sípánà lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n bi í pé kí ló ń fi sípánà ṣe. Ó ní, "Mẹkáníìkì ni mí, bàbá." Balógun fò sókè, ó ní, "Ẹ ò gbọ́, ó ti jẹ́wọ́!" Múfútàù ní òun kò sí nílé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tí ilé Olóyè ṣófo, òun lọ ra irin ní ìgboro. Wọ́n ní ẹni tó bá mọ iṣẹ́ tó bẹ́ẹ̀, ìgboro kò jìnnà jù fún un láti ti ibẹ̀ ṣe é. Ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso wa nìyẹn o!

Ìjìyà: bí oòrùn bá wọ̀, Múfútàù á lọ. Kò ní sí ẹni tí yóò dí táyà fún wa mọ́. Kò ní sí ẹni tí yóò bá wa tún ẹ̀rọ ata ṣe. Aya rẹ̀ lóyún oṣù mẹ́jọ. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó ṣe é gan-an bá jáde, wọ́n á dá Múfútàù sílẹ̀. Ẹni náà kò ní kúrò nílùú. Ilé rẹ̀ ni kò ní gba iṣẹ́ ààfin mọ́ láéláé, ìbáà ṣe oyè, ìbáà ṣe agogo, òun, ọmọ rẹ̀, àti ọmọ ọmọ rẹ̀.

Ìwé Akọ̀wé parí síbẹ̀.

Òfin keje kò sí nínú rẹ̀. Èmi ni mo fẹ́ fi í kún un. Kò gùn.

Ẹ wo ohun tí mo ń tú nínú ìgbànú mi yìí. Irin méjì. Wọ́n tẹ̀ bí oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé. Ẹ sún mọ́ ọn, ẹ fi ọwọ́ kàn án. Epo ṣì wà lára wọn. Epo ọdún mọ́kànlélógún.

Ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni. Gbogbo ilé Olóyè ti lọ síbi òkú àna wọn. Ọwọ́ mi ni Múfútàù máa ń fi kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ sí bó bá ń lọ sí ìgboro, nítorí iwájú ibẹ̀ ni mo ń tà. Mo mú sípánà. Mo mú bàtà tuntun lórí ìṣó. Mo lọ sábẹ́ igi òroǹbó. Mo tú nọ́ọ̀tì, mo yọ wíìlì, epo tó dà jáde kún àwo ọbẹ̀. Mo fi pẹtiróòlù fọ inú rẹ̀. Mo fi àkísà nù ún gbẹ, mo fi sáńpépà ha á títí irin fi funfun. Mo fi bàtà tuntun sí i. Mo fún wáyà rẹ̀ le. Mo wá ṣe ohun tí àgbà méje kò ṣe: mo gbé e kúrò lórí sítáǹdì! Mo fi èédú fa ìlà sílẹ̀. Mo tì í bọ̀, mo tẹ bíréèkì lórí ìlà. Ìgbésẹ̀ kan ló gbé, ó dúró.

Kò sí oògùn níbẹ̀. Kò sí ọwọ́ ìkà. Obìnrin tó ń ta mọ́ínmọ́ín ni, pẹ̀lú àkísà.

Ibi kan ni mo ti ṣì í. N kò sọ fún Olóyè. Ẹni tó ti ń tẹ ohun tí kò mú láti ọdún mọ́kànlélógún, gbogbo ara ló fi ń tẹ̀ ẹ́. Ó yẹ kí n ti sọ pé kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́. Olóyè, ẹ forí jì mí nítorí eyín. Nítorí eyín nìkan ni o.

Nítorí ẹ̀yin tó wà nínú ọjà lánàá, Olóyè nìkan lẹ wò. Ẹ kò wò mí. Mo ń sáré bọ̀, mo fi ẹsẹ̀ kọ òkúta, mo dojú bolẹ̀, agogo bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo gbọ́ alùpùpù lẹ́yìn. Mo ní, ó ti parí, èmi àti Ọ̀jẹ́lábí á jọ pín ẹní. Mo wá gbọ́ tí táyà ké lórí yanrìn. Mo gbójú sókè. Táyà náà nìyẹn, ó dúró síbi tó jẹ́ pé bí mo bá na ọwọ́, n ó kàn án. Òfin keje wá nìyí: ohun tí kò bá mú, ẹ tú u wò. Kò sí ìjìyà fún ẹni tí kò bá tẹ̀lé e. Ìjìyà ń bọ̀ láti òkè fúnra rẹ̀.

Múfútàù, dìde lábẹ́ igi ọ̀dán. Oòrùn kò tíì wọ̀. Lọ gba kọ́kọ́rọ́ rẹ, kí o ṣí ṣọ́ọ̀bù.

Ẹnu ìgbìmọ̀ ló ti wá, ẹsẹ̀ mi ló gbé e dé. Ẹni tó wà nítòsí ti gbọ́. Ẹni tó wà lóko, kí ará ilé rẹ̀ sọ fún un kó tó fọwọ́ jẹun. Agogo nìyí. Mo gbé e kalẹ̀ sórí háríhá. Ẹni tí ìgbìmọ̀ bá fi jẹ akéde, kó wá gbé e, kó sì mọ eré sá.

Ẹni tó bá ń lọ sí Odò-Ẹrẹ̀ lónìí, kó bá mi yà kí ọkọ mi. Kó sọ fún un pé wọ́n ní ẹsẹ̀ rẹ̀ á jinná, ṣùgbọ́n agogo bàbá rẹ̀ kò sí nílé mọ́.